Ẹ̀dà Mẹ́ta Tí Mo Fi Bísímílà Bà Jẹ́

Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ẹ̀jìgbò, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, àti ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ra kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan, tí mo kó gbogbo orin agbolé wa sínú rẹ̀, ojú mi ò gbébì kan mọ́. Mo ti di ẹni tó ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín orin sí fóònù gbogbo ilé. Wákà, fújì, wáàsì àwọn àáfà, orin tí àwọn èèyàn wa ń kó bọ̀ láti Àbíjáǹ, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, ẹni tó bá sì wà nílé lè fi fóònù rẹ̀ gbọ́ èyí tó bá wù ú láì dìde. Àlejò kì í jókòó tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sáfà. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nítorí mi.

Bí mo ṣe tò ó ni pé nọ́ńbà lásán ni orin kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀, inú fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n wà, òun ni wọ́n ń pè ní dátábéèsì. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Àbíjáǹ bi mí nígbà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kúkú kọ orúkọ sára orin fúnra rẹ̀?" Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìwà ará oko nìyẹn, bí àwọn tó ń kọ orúkọ sí ìdí abọ́. Abọ́ tó lórúkọ nídìí kì í sọnù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ náà?

Ẹ má rò pé mi ò ní ẹ̀dà ìpamọ́ o. Dísìkì mẹ́ta ni. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Masífà tó máa ń gbé e dání tó bá ń bọ̀ wá kírun Jímọ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀tun kí n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, torí iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ní alùbáríkà. Tí tuntun bá ti wọlé, mo máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Mi ò fẹ́ràn pàǹtí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọjọ́ méjì ló kù ká ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màámi fi ń lé orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò wa, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ohùn èèyàn kì í ṣe adìyẹ tí à ń fi apẹ̀rẹ̀ dé mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Iléyá tó gbẹ̀yìn ayé wọn, èmi ni mo sì gbà á sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ìsúndúnrin, ti sọ fún tẹbítọ̀rẹ́ pé a máa gbọ́ ohùn Màámi lọ́jọ́ àdúà. Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ mi.

Iná dé láàárọ̀ Jímọ̀ náà. Sáfà ń ka àwọn wáàsì tuntun kan wọlé lọ́wọ́. Kaftáànì mi ti rún. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì dára nínú ṣọ́ọ̀bù èmi tí mò ń tún sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo ìlú ṣe. Mo fa wáyà sáfà yọ, mo ki ti áyọ́ọ̀nù bọ ibẹ̀, mo lọ aṣọ mi títí ó fi ń dán. Mo dá wáyà sáfà padà. Nígbà tí mo rí i pé iná ara rẹ̀ tàn, mi ò yẹ nǹkan kan wò. Mo ní bísímílà, mo sọ ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀tun, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ̀dà mẹ́ta tó dára ni mo pa rẹ́, mo fi èyí tó bàjẹ́ rọ́pò wọn, mo wá lọ máa retí làádá rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Ìgbà tí mo dé, sáfà ní òun ò lè ka dátábéèsì; wáyà tí mo fà yọ lẹ́nu iṣẹ́ ti bà á jẹ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, àfi nọ́ńbà rẹpẹtẹ. Mo sáré lọ sídìí àwọn dísìkì. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ mi kò ní àbùkù: ibi tí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ gan-an ni ẹ̀kẹta náà ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà. "Ṣé ohùn Màámi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀." Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ó wà níbẹ̀, mi ò kàn mọ ibi tó wà ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí àbúrò mi. Tó bá ti wálé Iléyá, ó máa ń gba ẹ̀dà kan lọ sí Àbíjáǹ. Mo pè é.

"Ha, Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa gbogbo orin yẹn rẹ́ o. Fíìmù ni mo fẹ́ kó síbẹ̀. C'est pas grave."

"Kò tó nǹkan" nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Àbíjáǹ máa ń sọ tí wọ́n bá ti ba nǹkan onínǹkan jẹ́ tán. Mo bú u. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni nígbà tó ní, "Ó ku fáìlì kékeré kan. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, mo wá ní kí n má fọwọ́ kan ohun tí mi ò mọ̀."

Dátábéèsì ni. Ẹni tí mò ń pè ní aláìmọ̀kan pa gbogbo ohun tó mọ̀ rẹ́, ó sì dá èyí tí kò mọ̀ sí. Èmi ọ̀mọ̀ràn kò dá ìkankan sí. Fáìlì náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba orí fóònù wá. Láàárọ̀ Sátidé, mo dá sáfà dúró, mo gbé èyí tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ti àbúrò mi sí ààyè rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo sì tan ẹ̀rọ. Àwọn orúkọ ń padà wá níkọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléekéwú tó ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Iléyá ni ti àbúrò mi ti dúró. Gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ṣì jẹ́ nọ́ńbà lásán, ó lé díẹ̀ ní ogójì. Àárín wọn ni Màámi wà.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa: Màámi nìkan ló ń kọrin, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mò ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan díẹ̀, mò ń fò ó kọjá. Wáàsì. Fújì. Ọkùnrin alásọjù kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń polówó oògùn eku. Mo pòṣé, mo fo ìyẹn náà. Nígbà tí mo dé òpin, mi ò rí wọn. Mo gbọ́ ogójì lé, mi ò rí ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà dé lọ́sàn-án. Mo sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ sáfà. "Ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kó máa lọ. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."

A ń gbọ́. Ó kan ọkùnrin alásọjù. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀rọ tí ẹ ń wò yìí, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ọ̀ṣun..."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Ìwọ kọ́ nìyẹn?"

Èmi ni. Nísàlẹ̀ ohùn mi, ẹnì kan wúkọ́, ó sì gbé wákà. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohùn kejì dúró díẹ̀, a gbọ́ Màámi kedere: "Ọmọ mi, ṣé kí n dúró kí o parí tìẹ ná?" Àwọn obìnrin àsàlátù rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa kọ ọ́ lọ, Màámi," ni mo wí. "Mò ń gbọ́." Mo sì ń ṣàlàyé sáfà lọ títí orin fi parí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn nu ojú. Wọ́n ní, "Ṣé o lè yọ tìẹ kúrò níbẹ̀?"

Mo ní kò ṣeé yọ, ó ti dà pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e sí i lọ́jọ́ àdúà. Àbúrò mi àti ìdílé rẹ̀ ń gbọ́ lórí fóònù láti Àbíjáǹ. Nígbà tó parí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò rí ìyá àgbà rẹ̀ rí, béèrè pé ta ni bàbá tí kò jẹ́ kí òun gbọ́ orin. Mo gba fóònù, mo sọ fún un pé èmi ni.