Láti Ẹgàn dé Agége Nítorí Apá Ìgbẹ̀yìn

Kété tí a kírun àsùbáà tán ni èmi àti Màmá, ìyá ọkọ mi, kúrò nílé wa ní Ẹgàn lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bẹ́ẹ̀ aago méjìlá ọ̀sán ni fíìmù máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa. Màmá ní ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìran, ìpàkọ́ ẹlòmíràn ni yóò wò. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara rẹ̀ ò fi balẹ̀. Apá mẹ́ta ni fíìmù náà. Ní apá kìíní, ọmọkùnrin kan bínú fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ní apá kejì, ìyá ń sunkún wá a káàkiri. Apá kẹta ni a fẹ́ lọ wò, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n á tún fojú kanra. Màmá náà ní ọmọ kan ní Kánò, Ràṣídì, àbúrò ọkọ mi. Wọ́n jà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò sí lẹ́tà. Ọmọ tẹ́kùn bí, ẹkùn ní í jọ. Bí a bá sì bẹ Màmá pé kó kọ̀wé sí i, èsì kan náà ló ń fún wa: "Ṣé èmi àgbà ni kí n kọ́kọ́ kí ọmọdé?"

A fẹsẹ̀ rin ẹrẹ̀ dé Ìgàndò, Màmá gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. A wọ bọ́ọ̀sì dé Ẹgbẹ́dá ní àádọ́ta kọ́bọ̀, a ra àkàrà, a sì wọ òmíràn gba Àkọ̀wọ́njọ dé Agége. Ẹ̀yin ará ilé, àkàrà Èkó ò tó ìdajì ti Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ ata inú rẹ̀ kò mọ̀ pé òun kéré.

Lọ́dọ̀ yín, orí pèpéle ni ẹ ti ń rí òṣèré. Níhìn-ín, ara aṣọ funfun ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń gbé fíìmù wọn kiri, àwọn náà ló sì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn fíìmù, tó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì náírà mẹ́ta-mẹ́ta, ni ọmọkùnrin tó sá lọ yẹn gan-an!

Màmá gbá a lọ́wọ́ mú. "Ìwọ rèé! Ìyá ẹ ń sunkún kiri ìgboro, o wá ń ya ìwé níbí!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Eré ni, mà."

"Eré wo? Kí ló dé tó ò kọ lẹ́tà sí i?"

Gbogbo àwọn tó tò lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí. Òṣèré náà kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wọlé kẹ́ ẹ wò ó. Mo padà lọ, ṣá."

Inú Màmá dùn dé etí. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó tì í pé ọmọ náà padà.

Nínú fíìmù, ó padà lóòótọ́, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo, wọ́n ń bú ọmọ náà. Àánú Màmá ṣe mí, mo kábàámọ̀ pé mo mú un wá.

Nígbà tí a jáde, òṣèré náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá dúró níwájú rẹ̀.

"Ìyá tó bí ẹ gan-an ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ìlọrin, mà."

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

Ó wolẹ̀. "Ó ti pẹ́, mà."

Màmá kò bá a wí mọ́. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Ìgàndò, ó ń yára níwájú mi nínú ẹrẹ̀ títí a fi dé Ẹgàn, mo rò pé èmi ló ń bínú sí. Kó tó tú gèlè ló pè mí.

"Ìyàwó mi, mú bébà àti bírò wá. Kọ ọ́ pé: Ràṣídì, èmi ìyá rẹ ni mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà?"

Mo kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú mi.

"Fi sí i pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ kí òun."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o.