Èédú Tí Wọ́n Fi Rẹ́ Yàrá Ìyá Mi

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ ohun tí Jìmọ́ọ̀ bíríkìlà fi ojú mi rí ní Ifọ̀ níbí. Ó ṣì ń rí mi lára!

Ìyá mi ni mo ń tún yàrá ṣe fún. Láti ìgbà tí ìjì ti ṣí òrùlé ilé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń sùn, òjò sì ti fẹ́ dé. Mo ti kan páànù tuntun, ó ku ká rẹ́ ògiri. Sìmẹ́ńtì ò tó, mo bá ní ká pò ó mọ́ eérú tí wọ́n ń gbá jáde nínú ẹ́ńjìnnì reluwé tó ń jó èédú, èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ní yunifásítì ni mo ti kà nípa rẹ̀. Àmọ́ èédú tí iná ò jó tán pọ̀ nínú ẹ̀. Bí a ò bá yọ ọ́, ògiri ò ní le, dúdú ẹ̀ á sì máa yí mọ́ ẹni lára.

Ṣé mo ṣàlàyé fún Jìmọ́ọ̀ àtàwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀? Mo ṣàlàyé! Mo ní kí wọ́n má fomi kàn án. Ní gbígbẹ ni kí wọ́n kù ú: eérú á jábọ́, èédú á dúró lókè, kí wọ́n dà á nù. Mo tilẹ̀ ra kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tuntun.

Jìmọ́ọ̀ ní, "Tíṣà, ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọ yín, ẹ fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún wa."

Mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ajọ̀ gàrí lórí òkìtì eérú. Ajọ̀ gàrí olójú ńláńlá o! Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ mi ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ ti ń fi ku èlùbọ́ nílé. Ìwọ̀nba èédú tí ajọ̀ ọ̀hún sì dá dúró, wọ́n tún dà á padà! Jìmọ́ọ̀ ní òun ò lè rẹrù láti ẹ̀gbẹ́ reluwé kí òun tún máa dà á nù. Wọ́n sì ti rẹ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Mo ní kó ha á kúrò. Ó ní kí n ní sùúrù, bó bá gbẹ, á mọ́.

Ó gbẹ, ó sán káàkiri, èédú ń dán yinrin lára ẹ̀.

Ìyá mi ò tiẹ̀ dúró gbọ́ àlàyé. Ó ti gbé ẹní wọlé tayọ̀tayọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó dìde, ẹ̀yìn bùbá funfun ẹ̀ ti dà bí ìdí ìkòkò. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó wò mí.

"Akin, ṣé yàrá lo ṣe fún mi ni, àbí ààrò?"

Jìmọ́ọ̀ bú sẹ́rìn-ín! Mo tutọ́ sílẹ̀.

Màmá ká ẹní, ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò àkọ́kọ́ bá a.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ dúró ti oníṣẹ́ yín títí yóò fi kù ú tán. Ẹ wo ohun tó kù lórí kọ̀ǹkọ̀sọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín dà á nù. Ẹ̀yin ńkọ́, irú Jìmọ́ọ̀ wo ló ti wọ ilé yín rí? Ẹ sọ tiyín, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń tutọ́.