Ọgbọ̀n Òru Bàbá Jẹ́jẹ́

Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkọ mi ní gáréèjì, nítorí ó wa bọ́ọ̀sì ńlá fún ọdún mẹ́tàlélógún láì fi ara kan ògiri tàbí kẹ̀kẹ́ ẹnì kankan. Bó bá tẹ bíréèkì, àgbàlagbà tó wà lórí ìdúró kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, aṣọ ibùsùn ni mò ń lọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i sùn lé. Èmi fúnra mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Mi ò bú u o, bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Ọkọ mi máa ń hanrun. Kì í ṣe irú èyí tí ìyàwó fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ará ìsàlẹ̀ ilé wa ti bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé irú ẹ̀rọ wo la máa ń tàn lóru, ṣé a ò lè máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀sán. Àmọ́ ariwo náà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ìgbà tó bá dákẹ́ ni. Á hanrun, á hanrun, yàrá á wá pa rọ́rọ́. Kò mí sínú, kò mí síta. Màá fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fà jáde látinú odò, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá di ti gbogbo ayé ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Iná pupa dá a dúró ní oríta. Iná di aláwọ̀ ewé, bọ́ọ̀sì ò kúrò. Ó tún di pupa, ó tún di aláwọ̀ ewé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, wọ́n ń bú u. Nígbà tí obìnrin kan tó jókòó níwájú máa fi dìde lọ wò ó, ọkọ mi ti gbé àgbọ̀n lé àyà, ó ti sùn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí bíréèkì. Ẹsẹ̀ yẹn ló kó gbogbo wọn yọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ́fíìsì ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ rí dókítà.

Ní ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí àti láyà, wọ́n ní kó sùn. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò lè ju àkọ́bí wa lọ, ṣàlàyé fún wa pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló máa ń pa dé bó bá ti sùn, pé ìgbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ni èémí rẹ̀ ń dúró láàárín wákàtí kan.

"Ẹni tó ń ta jí tó báyẹn, Màmá, ẹni náà ò sùn o," ó wí. "Ìdí nìyẹn tí oorun fi ń gbé bàbá lẹ́nu iṣẹ́."

Ó fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí bàtà lọ. Atẹ́gùn ló ń fẹ́, á gba inú rọ́bà gígùn kan lọ sínú ìbòmú, kí ọ̀fun má baà rí àyè pa dé. Ẹ̀rọ náà tún ń ṣe akọ̀wé: gbogbo wákàtí tí wọ́n bá lò ó, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ́fíìsì ní kí ọkọ mi mú ọgbọ̀n òru wá, ọgbọ̀n tó tẹ̀ léra, wákàtí mẹ́rin ó kéré tán lóru kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún un. Bí kò bá rí i mú wá, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun á sì máa fọ ọkọ̀ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ ná.

Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé láti ibi ìfọkọ̀, bàtà rẹ̀ rin gbingbin. Ó jókòó, kò tilẹ̀ bọ́ ọ. Ọkùnrin tí èrò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀! Ó dùn mí gan-an ni.

Àmọ́ òun àti ìbòmú náà ò rẹ́. Ó ní ṣe ló ń ṣe òun bí ìgbà tí wọ́n fi ìrọ̀rí bo òun lẹ́nu. Á wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn, á sùn, kó tó pé wákàtí méjì, ọwọ́ rẹ̀ á ti fà á bọ́ láìmọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, á ní, "Ó pé?" Màá ní, "Kò pé." Odidi oṣù kan la fi ṣòfò báyẹn.

Ibi tí mo ti ṣìwà hù nìyí. Ó ti bọ́ ìbòmú lóru ọjọ́ kan, ìbòmú wà lórí ìrọ̀rí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògiri lásán. Mo mú un kí n lè pa ẹ̀rọ náà. Ojú mi bá bọ́ sí àkọsílẹ̀ rẹ̀: ó ku wákàtí méjì kó pé. Mo wo ẹ̀rọ, mo wo ọkọ mi. Mo ní ṣebí èémí ni èémí. Mo fi í bo imú ara mi, mo fa okùn rẹ̀ le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo sùn. Ohùn atẹ́gùn yẹn bo ti ọkọ mi mọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan títí aago fi dún. Ọkọ mi ní, "Ó pé?" Mo ní, "Ó pé." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nínú balùwẹ̀, mi ò sì lè ba ayọ̀ yẹn jẹ́. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó yá, oorun náà gan-an ló ń fà mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní hòtẹ́ẹ̀lì ń bi mí pé ìpara wo ni mò ń lò tí ojú mi fi ń dán. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ṣì ń tòògbé nídìí oúnjẹ, ṣíbí lọ́wọ́. Mo rí i, mo gbójú sí ibòmíràn.

Ọgbọ̀n pé, a mú ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú oríire, ọgbọ̀n pé pérépéré." Ó wá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ wo ibí. Tẹ́ ẹ bá ti dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ yìí á máa bá ọ̀fun yín jà. Tó bá wá di bíi wákàtí méjì, ìjà á parí, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́. Ẹni tó ń mí níbí yìí ò ní àìsàn kankan. Lálaalẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ta nìyí?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni, Dókítà. Ó ní láti jẹ́ pé ara ti ń yá."

"Èmi ni," mo wí. "Tí wọ́n bá ti bọ́ ọ, èmi ni mò ń wọ̀ ọ́."

Ọkọ mi yí ojú sí mi. Dókítà náà ò pariwo. Ó kàn ní, "Màmá, nígbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ sùn, bàbá ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, ìgúnpá mi ló ń jí i. Mo wá fi bí ọgbọ̀n òru sùn fọnfọn, kò sì sẹ́ni tó gún un. Bó bá ti dákẹ́ tí kò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló máa tutù sí, èmi á sì jí pẹ̀lú ojú dídán.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ọsibítù.

"Ká ní wọn ò mọ̀," ọkọ mi wí, "ká ní wọ́n torí èémí tìẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, ṣé wàá jẹ́ kí àbíkẹ́yìn wa wọ bọ́ọ̀sì mi lọ síléèwé?"

Bọ́ọ̀sì ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ ń ná ni ọmọ náà ń wọ̀ láràárọ̀. Mo mi orí pé rárá.

"Ó dáa náà," ó wí. "A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení."

Dókítà bá wa kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé ìbòmú àkọ́kọ́ ò bá a lára mu, irọ́ kọ́ sì ni, kí wọ́n fi oṣù kan kún un. Wọ́n ráhùn, wọ́n gbà. Dókítà pààrọ̀ ìbòmú fún un, ó fún un ní kékeré tí kò kọjá ihò imú, ó ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án tí kò sùn, kí ojú àti imú lè mọ̀ ọ́n. Bó bá ti dé láti ibi ìfọkọ̀, á wọ̀ ọ́ jókòó sórí àga, á ṣí ìwé ìròyìn.

"Dádì, ẹ jọ erin tó ń kàwé," àbíkẹ́yìn wa wí.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, atẹ́gùn tú jáde lẹ́nu rẹ̀ fùú, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lóru, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ síbi okùn, màá gbá a. Ó bọ́ ọ ní òru kẹsàn-án nígbà tí mi ò mọ̀, a tún padà sí orí ení. Kò bínú. Lẹ́yìn èyí ló dúró. Ẹ̀fọ́rí òwúrọ̀ lọ, kò sùn nídìí oúnjẹ mọ́, ó tún wá lágbára láti bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Nígbà tí ọgbọ̀n òru pé, dókítà yẹ òru kọ̀ọ̀kan wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò mí, ó buwọ́ lùwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sin ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Bọ́ọ̀sì dé, ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ mi wà nídìí ọkọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ tí mo lọ̀ fún un. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò. Ọmọ náà ní ó dàbọ̀, mi ò tíì fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n wọlé."

Mo fi í sílẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ń pa dé bọ̀ kí èmi náà tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì wa ò sí lọ́nà ibẹ̀ rárá.

"Níbo lò ń lọ?" ọkọ mi bi mí.

"Kò síbì kankan. Ẹ máa wa mọ́tò yín."

Mo lọ jókòó ti ọmọ mi.