Áàpù Ìkọ̀wé Kékeré Tí Ìyàwó Mi Yàn ní Owódé

Fọlákẹ́ ọmọ mi ń tẹ kọ̀ǹpútà ní yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí, ìka rẹ̀ sì ń dún bí òjò winniwinni lórí páànù. Ìró yẹn ló gbé mi padà sí Owódé, lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.

Wọn kì í jẹ́ kí epo dé ilé epo ẹ̀bá ibodè nígbà náà. Jẹnẹrétọ̀ wa di ibi tí adìẹ ń bà lé. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa láti máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Lápútọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan ṣoṣo ni wọ́n ní, iná oòrùn orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà. Àwọn alákòóso sì ti sọ ọ́ gbangba: bí àwọn ọmọ kò bá rí nǹkan fi han àwọn òbí ní ìparí táàmù, kíláàsì náà yóò dópin.

Áàpù ńlá tí gbogbo ayé ń yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́, irú èyí tó máa ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, fóònù tó ń fún lápútọ́ọ̀pù náà ní dátà bọ́ sórí nẹ́tíwọ̀kì Kútọnu, ní òdìkejì bọ́dà, bó ṣe máa ń ṣe lágbègbè wa. Áàpù náà ní òun fẹ́ sọ ara òun di tuntun, ló bá gbé gbogbo dátà mì. Bátìrì náà kú tẹ̀lé e.

Fọlákẹ́, tó wà nínú kíláàsì náà, ní, "Màmá, wọ́n ti bọ́dà mọ́ ìrẹsì, dátà wa wá kọjá láìfi ìwé han kọ́sítọ́ọ̀mù."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ áàpù ńlá náà kúrò, ó fi kékeré kan rọ́pò rẹ̀: ojú ìwé dúdú, ọ̀rọ̀ funfun. Kò bèèrè dátà, kò sì jẹ bátìrì.

"Àǹtí, èyí ò ràn wá lọ́wọ́ rárá!" ni àwọn ọmọ ń kùn.

"Ta ló ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mò ń kọ́ a, b, d? Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì."

Wọ́n á kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sí pátákó kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan á máa tẹ̀, àwọn yòókù á máa kà á fún un sókè bí ìjọ ṣe ń ka Sáàmù, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ó bá fo àmì kan péré, ariwo á sọ. Olùkọ́ ìtàn ni mí, mo sì rò pé mo mọ ohun tí ìkọ́ni jẹ́ títí mo fi gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì náà kọjá.

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn òbí yóò wá wò ó pé, ètò wọn ń sọ ọjọ́ tí ọjà yóò tún ná, bí o bá ti tẹ ọjọ́ tó ná kẹ́yìn. Bàbá àgbẹ̀ kan ń fi ìka ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. "Ó bá tèmi mu! Ẹ bi í ní ti ọjà Ìhùnbọ̀." Wọ́n bi í, ó tún gbà á. Kíláàsì náà kò kú.

Bọ́dà ti ṣí báyìí. Áàpù ìsinsìnyí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ọmọ ronú, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbà yẹn ló ń kọ́ kíláàsì náà lónìí. Àwọn alákòóso ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ kọ orúkọ ìyàwó mi sára ilẹ̀kùn kíláàsì náà, pẹ̀lú oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ Bíbélì kan. Mo ní kí wọ́n kọ "Àǹtí Ṣadé". Ó tó bẹ́ẹ̀.