Máṣíìnì Tí Boaz Fà Wálẹ̀

Bí o bá bi ará Àpòmù pé níbo ni wọ́n ti ń tún ṣọ́ọ̀kì alùpùpù ṣe, ṣọ́ọ̀bù Boaz ni yóò nàka sí, létí títì níbi tí àwọn ọkùnrin kan ti máa ń ta ayò dírááfù lábẹ́ igi máńgòrò. Boaz kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ṣọ́ọ̀kì nìkan ni tirẹ̀, irin onísípíríǹgì tó máa ń gba ìnira kòtò fún ẹni tó bá gun máṣíìnì. Ẹni tó ń ru kòkó, Boaz á gbé tirẹ̀ sókè, á sì mú un le. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, á fà á wálẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ onítọ̀hún lè kanlẹ̀. Aláṣọ funfun ni, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, kì í mutí, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyìn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, n ò ní bá a bò ó.

Ó ní òfin kan. Máṣíìnì kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àfi tí ẹni tó ni ín bá jókòó lé e pẹ̀lú irú ẹrù tó fẹ́ máa fi rù. Bí o bá ń ru àgbàdo, lọ gbé àgbàdo rẹ wá. Boaz á wá dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, á máa wo àyè tó ṣẹ́kù láàárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó. Bí àyè náà bá ti kéré jù, á tún ṣọ́ọ̀kì náà ṣe. Àwọn kan máa ń bínú pé ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó padà wá ráhùn.

Boaz kò yẹ òfin yìí rí, àfi ìgbà tó kan Sàlámọ̀tù.

Sàlámọ̀tù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Nàfísátù, ń dín dòdò tà létí títì ní Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè, ó sì ń lọ rà á lóko Ararọ̀mí-Òwu. Àwọn ọlọ́kadà tó ń bá a kó o a máa yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, kí wọ́n tó dé, ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti di omi. Ló bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun máṣíìnì, ó sì fi èrè ara rẹ̀ ra ọ̀kan. Àlàájì Gàrúbà ọkọ rẹ̀, oníkòkó, yarí. Nígbà tó yá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní lọ́jọ́ tó bá fi ṣubú, òun á ta máṣíìnì náà, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé Sàlámọ̀tù kò ga. Bó bá gùn ún tó sì dúró, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀.

Boaz bá a fà á wálẹ̀. Ó fa irin iwájú méjèèjì sókè níbi tí wọ́n ti dè wọ́n mọ́ abẹ́ ọwọ́ máṣíìnì kí orí máṣíìnì lè sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kúkúrú rọ́pò ti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà dára lójú. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà wá gbà á, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó sì ní kí ọlọ́kadà tó gbé e wá bá òun sọ apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀.

Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pe Boaz, ó ní, “Bàbá Ìfẹ́, mo gbọ́ pé ẹ máa ń ní kéèyàn jókòó lé e. Ṣé kí n gùn ún kí ẹ wò ó?”

Kí Boaz tó dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta dírááfù ti ké sí i pé, “Boaz, ó yá o! Dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó Àlàájì, kó o wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ti Boaz. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá Nàfísátù. Mo ti wò ó. Ẹ máa gùn ún lọ.”

Kò wo nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun bọ̀wọ̀ fún obìnrin ilé ni. Ọ̀wọ̀ wo? Ẹ̀fẹ̀ àwọn aláìríṣẹ́ṣe ló ń sá fún.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sàlámọ̀tù kó ẹrù kíkún láti Ararọ̀mí-Òwu, ó dé ibì kan tí àgbàrá ti gé ojú ọ̀nà, lórí ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn máṣíìnì rì wọlẹ̀, táyà gbá irin tó wà lókè rẹ̀, ó há, kò yí mọ́. Máṣíìnì gbé e ṣánlẹ̀, ó sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Egungun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí Ìkirè àti Àpòmù. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti sọ ọ́, pé obìnrin wo ló ń gun máṣíìnì. Nígbà tí Boaz gbọ́ pé ẹ̀yìn ló rì, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ṣọ́ọ̀kì kúkúrú tí òun kò wò ló fà á. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè mọ̀ bí òun kò bá sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù.

Ó lọ kí i. Sàlámọ̀tù wà lórí ẹní, wọ́n ti fi igi de ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Ìfẹ́, ẹ ti ṣe tiyín. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gùn.”

Boaz yanu. Ohun tó jáde ni, “Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà.” Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Gàrúbà fún omi tí wọ́n fún un mu, ó jáde. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì bíi gbogbo ìjọ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ̀ ló kíyè sí i pé oúnjẹ rẹ̀ kì í tán mọ́. Ó bi í, bi í, Boaz ní ooru ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Gàrúbà fi fi mọ́tò gbé máṣíìnì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Bàbá Ìfẹ́, ẹ bá mi gbé e sókè padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó fẹ́ rà á. Ìyá Nàfísátù gan-an ti gbà pé òun ló jẹ̀bi.”

Nígbà tó lọ tán, Boaz dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó wo abẹ́. Ibi tí táyà ti họ ọ̀dà kúrò lára irin ń dán gbinrin. Ó ronú pé bí òun bá gbé máṣíìnì yìí sókè, tí wọ́n sì tà á, obìnrin náà á tún máa tẹ̀lé ọlọ́kadà títí ayé, á sì máa rò pé ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún gbé ṣọ́ọ̀kì wá fún òun? Ó fi sípánà lé ilẹ̀. Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkirè.

Tọkọtaya náà wà ní pálọ̀. Boaz kò tilẹ̀ kí wọn tán tó fi na gbalaja síwájú Gàrúbà.

“Àlàájì, ẹ dárí jì mí. Ìyàwó yín mọ̀ ọ́n gùn. Èmi ni mi ò wò ó bó ṣe yẹ. Ó ní kóun jókòó lé e pẹ̀lú ẹrù, ojú ń tì mí nítorí àwọn èèyàn, mo parọ́ fún un pé mo ti wò ó. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi síbẹ̀ ò lè gba ẹrù. Ẹ má tà á.”

 Gàrúbà mí kanlẹ̀. “Háà, Bàbá Ìfẹ́. Kò burú. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Kádàrá ni.”

“Kádàrá?” Sàlámọ̀tù ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní. “Àràárọ̀ ni mò ń bẹ̀ yín, Àlàájì. Mo ní ẹ foríjì mí, mo ní mi ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ̀ ń gba ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kádàrá ni.”

Gàrúbà wo ilẹ̀.  “Má bínú, Sàlámọ̀tù. Mi ò tà á mọ́.”

 Boaz ni Sàlámọ̀tù kọjú sí. Kò pariwo.

“Bàbá Ìfẹ́, èmi ni mo ṣubú. Ọkọ mi lẹ dọ̀bálẹ̀ fún.”

Boaz yí ara padà lórí sìmẹ́ńtì, ó kọjú sí i, ó sì tún na gbalaja.