Orúkọ Tá A Fún Dókítà Òyìnbó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Ajégúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ o, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àmọ́ inú ṣì ń bí mi!

Dìsípẹ́ńsárì kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ń tọ ẹ̀jẹ̀ nítorí omi àbàtà tí wọ́n ń ṣeré nínú ẹ̀. Bí ìyá kan bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ẹ̀, àfi kó gbé e sọdá omi lọ sí ọsibítù ní Èkó, kó tò síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Brọ́dá Débọ̀ ló mú dókítà òyìnbó kan wá. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni Brọ́dá Débọ̀, a sì jọ wà nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òyìnbó yìí fẹ́ ṣe ìwádìí, ó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn ọmọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò á dúró sọ́dọ̀ wa, wọ́n á sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi Rẹ̀mí! Ṣé ẹ mọ bínú mi ṣe dùn tó?

Àwọn ìyá ò gbà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹni, kí àlejò máa gbé e lọ? Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mò ń bẹ̀ wọ́n. Ìyá Kàmọ̀rù tó ń ta epo pupa, tí gbogbo obìnrin àdúgbò ń gbọ́ tiẹ̀, ló wá wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní òun ò lè fún àlejò lẹ́jẹ̀, àmọ́ ọmọ ilé kì í ṣe àlejò. Ló bá ní ká mú òyìnbó wá. Ó fi omi, iyọ̀ àti oyin kàn án lẹ́nu, ó sọ ọ́ ní Ayọ̀délé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́!

Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan mọ́. Ta ló ń bá ọmọ ilé ṣe àdéhùn? Kàmọ̀rù, àbígbẹ̀yìn Ìyá, ló kọ́kọ́ nawọ́ fún abẹ́rẹ́, làwọn yòókù bá tò tẹ̀ lé e.

Wọ́n sì ń kọ́ mi lóòótọ́. Mo ti ń fojú ara mi rí ẹyin kòkòrò nínú ẹ̀rọ náà.

Àfi bí mo ṣe débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí mo bá yàrá tí ẹ̀rọ náà wà lófìfo. Ojú ibi tẹ́sẹ̀ tábìlì wà nìkan ló kù nílẹ̀. Ọlọ́dẹ ní lọ́rì ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Liverpool Road, ní Àpápá. Mi ò tiẹ̀ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, mo sáré lọ.

Mo bá Ayọ̀délé níwájú ilé ìkẹ́rù kan, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kan àpótí ẹ̀rọ náà pa. Kò sá fún mi. Ó ní yunifásítì àwọn ló ni ẹ̀rọ, pé àtìbẹ̀rẹ̀ làwọn ti sọ pé yóò padà. Ó wá wò mí lójú.

“Ṣé Débọ̀ ò sọ fún yín ni?”

Ẹ̀yin èèyàn, Brọ́dá Débọ̀ kẹ̀!

Mo padà lọ bá Brọ́dá Débọ̀ nílé. Ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́! Òyìnbó ti bá a wáyè sókè òkun, kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Mo bi í pé kí ló dé tó fi parọ́ fún wa.

“Rẹ̀mí, bí mo bá sọ òótọ́, ṣé àwọn ìyá á jẹ́ káwọn ọmọ nawọ́?”

Ẹni tá a jọ ń kọrin sí Ọlọ́run! Mo fi í sílẹ̀ síbi ẹrù ẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Kàmọ̀rù mú ọmọ ẹ̀ wá. Ó rọ ìtọ̀ ẹ̀ sínú ìgò, ó pọ́n. Ó ní kí n bá òun wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé á bú mi, kò bú mi. Ó gba ìgò ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró nù ún.

“Bó o bá rí Ayọ̀délé, sọ fún un pé mo ti gba orúkọ tí mo fún un padà.”

Ó fa Kàmọ̀rù lọ́wọ́, wọ́n gba ọ̀nà Èkó lọ.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lé oníwàádìí o, a nílò wọn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ àlejò di ọmọ ilé, ẹ bi òun fúnra ẹ̀ ní ohun tó máa fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tó mú un wá nìkan.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni tiyín tó tà yín bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Ní tèmi, títí dòní, mi ò tíì rí Ayọ̀délé kí n jíṣẹ́ tí Ìyá Kàmọ̀rù rán mi.