Ìṣirò Láwùmí Lórí Táìlì Bàbá Gbádérọ̀

Láwùmí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní máàsì, kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ó ní ẹni tó lórí lọ́rùn tó tún ń tẹ bọ́tìnnì, àfi bí ẹni tó lẹ́sẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ sílé ìyàgbẹ́.

Ní ọdún 1994, Bàbá Gbádérọ̀, onílé rẹ̀ ní Baṣọ̀run, ra táìlì ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún wá láti Ring Road. Ó fẹ́ fi tẹ́ iwájú ilé, níbi tí yóò ti máa gba atẹ́gùn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Kàmọ́rù bíríkìlà béèrè pé táìlì mélòó ni kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kí ó tó panu dé, Láwùmí ti yọ sí wọn pẹ̀lú rúlà.

Ó tọrọ gáfárà, ó gbé rúlà lé ikùn Bàbá, ikùn tó yọ síwájú bí àgbá. Ó ṣàlàyé pé níbi tí rúlà ti fara kan ikùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìlà tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tánjẹ́ńtì. Nọ́ńbà tí a ó fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó tó pé iye táìlì Bàbá, ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí ikùn náà, ó ṣòroó tọ̀. Rúlà ló gún, òun ló rọrùn. Nítorí náà òun yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tó dá òun lójú: mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó pín in sí ọ̀nà méjìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn ìlọ́po méjì mẹ́rìndínlógún, gẹ́gẹ́ bí òfin tánjẹ́ńtì, ó rí méjì, ó fi kún mẹ́rìndínlógún.

"Méjìdínlógún," ni ó wí. "Ẹ máa tẹ́ ẹ."

Kàmọ́rù ní kí àwọn kọ́kọ́ tò ó wò ná, láìfi sìmẹ́ńtì sí i. Láwùmí wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àlùfànṣá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, táìlì tán, ihò kan ṣì ku ní igun, ihò tó gba táìlì mẹ́rin. Láwùmí ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí eékún. Bàbá wo ihò, ó wo ikùn ara rẹ̀.

"Tísà, ṣé kì í ṣe pé o rìn jìnnà jù síbi tí rúlà ti kàn mí?"

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Béèyàn bá ti kúrò níbẹ̀, rúlà á máa lọ tààrà, ikùn á máa yí padà sẹ́yìn; bẹ́ẹ̀ ni méjìdínlógún lọ́nà méjìdínlógún ṣe fi mẹ́rin ju táìlì Bàbá lọ. Ojú ti Láwùmí débi pé ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọ yàrá fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Irú táìlì náà ti tán ní Ring Road. Bàbá bá ń sọ fún àlejò pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sílẹ̀ kí omi òjò lè ríbi wọlẹ̀ ni. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, aládùúgbò méjì ti ní kí Kàmọ́rù dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sí tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Zùwáírátù, ní kí tòun jẹ́ méjì.